Àwọn ará yunifásítì fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ lórí oko ẹ̀fọ́ wa ní Ìyànà-Ìbà: ṣé ká gbà àbí ká kọ̀?

Ìyá_Ṣọkọ_Ìbà | Ọjọ́ Ajé, 6:18 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ wá lọ́kàn lórí oko, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn tó ti rí irú ẹ̀ gbà wá nímọ̀ràn.

Àwa kan la jọ ń gbin ẹ̀fọ́ sí etí odò lápá Ìyànà-Ìbà níbí. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ugwu díẹ̀. Àwọn aláte ló ń wá kó o lọ́wọ́ wa ní ìdájí, àwọn mìíràn á gbé e dé Mile 12. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ṣọkọ wa ti ń ṣe ségesège. Á hù dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti ga díẹ̀, á kàn dúró sójú kan. Ewé á máa pọ́n. Lọ́sàn-án á rọ bí ẹni pé a ò bomi rin ín, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á tún gbé orí díẹ̀. A da ajílẹ̀ sí i, kò gbọ́. A fín oògùn, kò gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá wà nìyí. Àwọn kan wá bá wa láti yunifásítì, olùkọ́ kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n ni àwọn, àwọn tó ń gbé ìmọ̀ ilé ìwé wá fún àgbẹ̀. Wọ́n ní ká kó ara wa jọ bí ẹgbẹ́, ká yan alága àti akọ̀wé, pé àwọn á máa wá wo oko lóòrèkóòrè, àwọn á sì fi irúgbìn tuntun hàn wá. Wọn ò bèèrè owó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ká kọ orúkọ wa, nọ́ńbà fóònù wa, àti bí ilẹ̀ oníkálukú ṣe fẹ̀ tó.

Ìyẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní ká gbà. Àwọn tó kù ní ilẹ̀ tí à ń lò kì í ṣe tiwa, pé ibi tí wọ́n bá ti ń wọn ilẹ̀, katapílà kì í jìnnà síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, kí ni èrè ibẹ̀? Kí ni ká bèèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun?

Ọmọ_Mushin | 6:51 àárọ̀

Màámi, ẹ ṣọ́ra o. Ìwé tí wọ́n fẹ́ fi gba dìgírì ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n á bi yín léèrè títí ilẹ̀ á fi ṣú: ọjọ́ orí yín, ọmọ mélòó lẹ bí, èló ló ń wọlé. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, ó parí, ẹ ò ní fojú kàn wọ́n mọ́. Ìyá mi tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé kún irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó padà wá sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Èmi ò ní gbà tó bá jẹ́ èmi.

Ẹlẹ́ja_Ìkòròdú | 7:30 àárọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Mushin, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá yín dùn mí, àmọ́ ẹ má fi ti ẹnì kan da gbogbo wọn nù.

Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn. Ìgbà kan wà tí àwọn ẹja mi máa ń léfòó láràárọ̀, wọn ò jẹun, wọ́n kàn ń la ẹnu sókè. Àrọ̀ máa ń gòkè wá mí lóòótọ́, àmọ́ kì í dúró síbẹ̀. Mo ra oògùn títí. Olùkọ́ kan láti ilé ìwé tó wà ní Ìkòròdú níbí (poli ni nígbà yẹn, ó di yunifásítì, LASUSTECH, ní 2022) wá wo omi náà. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó fi ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pọ́ńdù, ó sì bu ẹrẹ̀ dúdú jáde. Oúnjẹ tí àwọn ẹja ò jẹ tán ló rà síbẹ̀, tó ń sọ omi di májèlé. Ó ní kí n máa dúró wo bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, kí n dáwọ́ dúró tí wọn ò bá sáré sí i mọ́, kí n máa yí omi padà, kí n sì máa ṣa àwọn tó ti tóbi jù sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa gbé àwọn kékeré mì. Mi ò san kọ́bọ̀ fún ìmọ̀ràn yẹn. Oúnjẹ ẹja sì ni ibi tí owó wa ń lọ jù, gbogbo ẹlẹ́ja ló mọ̀.

Ìjọba kan náà ló ni gbogbo wọn ṣáá, ADP (àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bẹ oko àgbẹ̀ wò) o, yunifásítì o. Ẹ gbà wọ́n láyè.

Olóko_Kétu | 8:05 àárọ̀

Màámi, kí ọ̀rọ̀ yunifásítì tó dé, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé ẹ ti hú ọ̀kan nínú ṣọkọ yẹn kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ má fà á tu o, torí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á já sínú ilẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ yíká, ẹ fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ìyá_Ṣọkọ_Ìbà | 9:40 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Mo hú u bí ẹ ṣe wí. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wú, ó so kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sí okùn, àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Mo hú ewédú, òun náà ní kókó. Mo hú tẹ̀tẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹnì kan nínú wa ní kókó yẹn dára, pé gbòǹgbò ẹ̀wà náà máa ń ní in, òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ lọ́ràá.

Olóko_Kétu | 10:02 àárọ̀

Rárá o, màámi. Ti ẹ̀wà yàtọ̀ pátápátá. Ti ẹ̀wà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ni. Tí ẹ bá fi ìka rà á, á já bọ́. Tí ẹ bá là á, inú rẹ̀ á pupa díẹ̀. Ìyẹn dára lóòótọ́. Ti ṣọkọ yín, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, kò ṣeé rà bọ́. Aràn tín-ín-tín kan tí ojú lásán ò lè rí ló wọ inú rẹ̀. Nematode ni wọ́n ń pè é. Kì í jẹ́ kí omi àti ajílẹ̀ gòkè dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ṣọkọ yín fi ń rọ lọ́sàn-án lórí ilẹ̀ tútù.

Olùkọ́ yunifásítì kan tó wá sí oko wa ní Kétu ló fi hàn wá. Ṣáájú ìgbà náà, oògùn kòkòrò orí ewé là ń ná owó sí, nígbà tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni àìsàn wà. Èyí nìkan ti tó fún mi láti sọ pé kí ẹ gbà wọ́n.

Ṣọkọ, ewédú, ilá, tòmátò, aràn yìí fẹ́ràn gbogbo wọn. Ẹ má gbin ọ̀kan tẹ̀lé èkejì lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Àwa gbin ẹ̀pà sí bẹ́ẹ̀dì tó burú jù, torí irú aràn tó wọ́pọ̀ lára ẹ̀fọ́ wa kì í rí ẹ̀pà jẹ. A da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa sí àwọn yòókù. À ń hú gbogbo gbòǹgbò tó ti wú, a kì í fi í sílẹ̀ nínú oko. Ó dín kù gan-an. Kò tán o, kì í tán pátápátá, àmọ́ ṣọkọ padà di ṣọkọ.

Àgbẹ̀_Àgbádárìgì | 10:44 àárọ̀

Ẹ̀pà kẹ̀! Oṣù mélòó ni ẹ̀pà fi ń wà nílẹ̀? Ta ló fẹ́ máa wo ẹ̀pà nígbà tí owó ilé ìwé ọmọ ń dúró dè é? Oògùn oníyangí wà lọ́jà tí wọ́n ń pè ní carbofuran. Ẹ bù ú sí ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn, kò ní pẹ́ tí gbogbo aràn yẹn á fi kú. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwé dá ara yín dúró.

Àdùkẹ́_Alábàtà | 11:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àgbádárìgì, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí, mi ò lè gbọ́ èyí kí n dákẹ́. Carbofuran wà lára àwọn oògùn tó burú jù fún ara èèyàn. Gbòǹgbò ló ń fà á wọ inú igi lọ sí ewé. Ewé náà gan-an sì ni à ń jẹ nínú ṣọkọ! Ẹ̀fọ́ tí wọ́n á ti ká láàárín oṣù kan ààbọ̀, ìgbà wo ni májèlé yẹn fẹ́ jáde lára rẹ̀? Ẹni tó sì ń fi ọwọ́ lásán bù ú gan-an ló wà nínú ewu jù. Màámi, ẹ má lò ó rárá.

FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ni mo ti kàwé, ní Alábàtà. Mo fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ Ọmọ_Mushin náà. Òótọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ nílò iṣẹ́ oko kó tó jáde. Ní tiwa, wọ́n ń kó wa lọ gbé láàárín àwọn àgbẹ̀, ètò tí wọ́n ń pè ní COBFAS. Mo lọ sí abúlé tí mo rò pé mo máa lọ kọ́ wọn níṣẹ́. Ìyá àgbà kan níbẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń da omi gbígbóná sórí irúgbìn ewédú kí èèpo rẹ̀ lè là, kó tó lè hù tán lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ wa ní kí n gbin méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tí a da omi gbígbóná sí àti èyí tí a ò dà á sí, kí gbogbo abúlé wá wò ó. Wọ́n wò ó lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń pè é ní àṣà àtijọ́ dákẹ́.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe yẹ kó rí nìyẹn. FUNAAB ní ibùdó kan fún un, AMREC, wọ́n sì ní rédíò, 89.5 FM, tó ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n tún ṣe níbẹ̀, FUNAAB Alpha, àwọn ará ilé ló wà fún, àwọn tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé bíi màmá Ọmọ_Mushin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún wọn.

Bàbá_Oko_Ọba | 2:20 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ADP Ìpínlẹ̀ Èkó, Oko-Ọba, Agége. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ja ṣe díẹ̀. ADP àti yunifásítì kì í ṣe ọ̀kan náà. Òkè Ọya ni ADP ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ní Funtua, Gusau àti Gombe, pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, kó tó kárí ìpínlẹ̀ gbogbo. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn, ká máa jíṣẹ́. Ìwádìí ni ti yunifásítì. Ẹ̀ka ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n wọn ló ń gbé ìwádìí náà wá fún àgbẹ̀, òun náà ló sì yẹ kó gbé ìṣòro àgbẹ̀ padà lọ sí ilé ìwé. Ọ̀nà kejì yìí ló máa ń dí jù. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí olùkọ́ ti sọ̀rọ̀ àgbàdo látàárọ̀ fún àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ní ibùdó ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tirẹ̀, NAERLS, láti 1963. Ní 1969, Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní OAU lónìí, wọ Ìṣọ̀yà àti àwọn abúlé tó yí i ká, nítòsí Ilé-Ifẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé àgbàdo tuntun wá, wọ́n dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní àwọn obìnrin tó ń kọ́ àwọn ìyá nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé. Ẹ fi ojú sí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé oko tó dára tí ọmọ inú ilé ò rí oúnjẹ gidi jẹ kò tíì parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ńkọ́? Ìyá Ṣọkọ, ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹgbẹ́ yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ní Èkó, ilẹ̀ tí à ń dá lónìí lè di ilé lọ́la. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù yunifásítì kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fún yín nílẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ín. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé ẹgbẹ́ tó ní orúkọ, tó ní ìwé, tí yunifásítì sì mọ̀, máa ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní káńsù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó dá wà, wọ́n á kàn lé e ni.

Ohun tí ẹ máa bèèrè: lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ẹ̀ka wọn, pẹ̀lú orúkọ olùkọ́ tó ni iṣẹ́ náà. Ẹ rán ọ̀dọ́ kan lọ sí ẹ̀ka náà, kó bèèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n pé owó ta ni wọ́n fi ń ṣe é àti ìgbà wo ló máa tán. Ẹ bi wọ́n pé tí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi dán nǹkan wò bá bàjẹ́, ta ló máa san owó ẹ̀fọ́ yẹn. Torí náà, bẹ́ẹ̀dì kékeré kan ṣoṣo ni kí ẹ fún wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí ẹ lè fi ojú ara yín wo ìyàtọ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn á padà wá ka èsì rẹ̀ fún yín, ní Yorùbá, kí iṣẹ́ náà tó parí.

Ìyá_Gààrí_Agége | 4:09 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Mo fẹ́ fi tàwa obìnrin kún un.

Wọ́n wá sí ibi tí a ti ń yan gààrí. Àkọ́kọ́, aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n máa ń pe ìpàdé. Aago mọ́kànlá! Iná wà lábẹ́ agbada, ọjà ń dúró. Àwọn ọkùnrin tí kò yan gààrí rí ló lọ jókòó síbẹ̀, wọ́n gba fìlà àti bísíkíìtì, wọ́n sì di alága. Nígbà tí irinṣẹ́ dé, ilé alága ló wà. Ìyá Ṣọkọ, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ àkókò tí wọ́n máa wá fún wọn, kí akọ̀wé sì jẹ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bomi rin ẹ̀fọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ìgbà tí a wá pariwo, wọ́n rán àwọn mìíràn wá, obìnrin ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì wá ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn ló bá wa wo èéfín. Wọ́n jẹ́ ká gbé ojú ààrò kúrò níbi tí atẹ́gùn ti ń da èéfín lù wá, ká sì mọ ògiri kékeré kan sáàárín ẹni tó ń yan gààrí àti iná. Ojú tó ti ń ta mí láti ọjọ́ pípẹ́ rọlẹ̀. Wọ́n tún bá wa sọ̀rọ̀ pé tí a bá kánjú yọ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ òkúta torí owó ọjà, májèlé inú ẹ̀gẹ́ kò ní tíì jáde tán. Ìyá mi àgbà náà máa ń sọ pé kí á jẹ́ kó kan dáadáa, àmọ́ a ò mọ ìdí rẹ̀.

Àti sóyà! Ẹ̀yin tó ń jẹ wàrà sóyà díndín ní Èkó, ẹ mọ̀ pé inú oúnjẹ Hausa nìkan kọ́ ló ti jáde o. Ní àwọn ọdún 1980, IITA àti IAR&T (àwọn ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn) wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn obìnrin abúlé bí wọ́n ṣe ń fi sóyà se irú, wàrà àti ògì ọmọ. FIIRO, ibùdó ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì níbí, náà ṣe ògì sóyà. Ọmọ mi kejì, ògì yẹn ló tọ́ ọ.

Ọmọ_Yábàá_Òkèòkun | 7:55 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Yábàá ni wọ́n bí mi sí, Amẹ́ríkà ni mò ń gbé báyìí. Níbí, òfin ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1914, òfin Smith-Lever, ibẹ̀ ni yunifásítì àti àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń dá owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló ní ọ́fíìsì ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tirẹ̀. O lè gbé iyẹ̀pẹ̀ ọgbà rẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún owó kékeré, wọ́n á sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ pé ohun báyìí ló kù díẹ̀ nínú ilẹ̀ rẹ. Àwọn ọmọdé ní ẹgbẹ́ tiwọn, 4-H, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń gbin ọgbà. Àwọn ìyá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ sínú ìgò kó má bàjẹ́.

Màámi, ẹ gbà wọ́n. Ibi tí mo wà, kò sí àgbẹ̀ tó ń bèèrè bóyá ó wúlò.

Bàbá_Oko_Ọba | 8:31 alẹ́

Ọmọ mi, o káre. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ju 1914 lọ sẹ́yìn. Òfin Morrill ti 1862 ló fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ ìjọba kí wọ́n fi dá àwọn ilé ìwé gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ti 1887, òfin Hatch, fi ibùdó ìwádìí kún un. Ti 1914 ló wá ní kí wọ́n gbé ìmọ̀ náà jáde lọ bá àwọn tí kò lè wá sí ilé ìwé.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú ìtàn wọn ni ti Tuskegee, ilé ìwé àwọn èèyàn dúdú. Ní 1906, George Washington Carver, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó irinṣẹ́ àti irúgbìn sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ìbaaka ń fà, wọ́n ń gbé e lọ bá àwọn àgbẹ̀ dúdú tí kò ní ilẹ̀ tiwọn. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń dá, bíi tiyín ní Ìyànà-Ìbà. Wọn ò ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé ilẹ̀ wá.

Ọmọ_Mushin | 9:03 alẹ́

Bàbá, mo gbọ́. Mo máa sọ ti adìẹ Alpha fún màmá mi, Àdùkẹ́, o ṣeun.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń sọ ti Amẹ́ríkà, ẹ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Òfin ló ń gbé owó wọn wá lọ́dọọdún. Tiwa níbí, owó àwọn òyìnbó ni tàbí owó ìwádìí ọdún díẹ̀. Tí ó bá tán, mọ́tò á dúró, olùkọ́ á lọ. Àwọn ẹgbẹ́ yín á ti gbára lé irúgbìn ọ̀fẹ́, wọ́n á ti sọ tiwọn nù. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn náà burú.

Olóko_Kétu | 9:20 alẹ́

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn. Ẹni tó wá bá wa kò wá mọ́, owó iṣẹ́ wọn ti tán. Àmọ́ ohun tó kọ́ wa kò bá a lọ. A ṣì ń hú gbòǹgbò wò. Tí ó bá jẹ́ irúgbìn ọ̀fẹ́ nìkan ló kó wá, à bá ti padà sí ẹsẹ̀ àárọ̀. Nítorí náà, Ìyá Ṣọkọ, ẹ fi irúgbìn wọn ṣe kejì. Ìmọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ sì fi irúgbìn ṣọkọ tiyín pamọ́ lọ́dọọdún, bó ti wù kí tuntun yẹn dára tó.

Ẹlẹ́ja_Ìkòròdú | 9:34 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun fún àtúnṣe. Mo fara mọ́ Olóko. Kí wọ́n tún bá yín yẹ omi odò yẹn wò o. Omi Èkó ń ru oríṣiríṣi nǹkan láti ilé iṣẹ́ àti gọ́tà. Ẹ̀yin lẹ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, àwa la ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ilé ìwé ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ́, àgbẹ̀ ò lè dá ra irú ẹ̀.

Ìyá_Ṣọkọ_Ìbà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:47 àárọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín pátá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí àwọn ẹgbẹ́ mi létí ní alẹ́ àná. Àwọn tó ń bẹ̀rù ilẹ̀ ní tí lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ bá wà, tí a sì rán ọmọ mi ọkùnrin lọ wádìí wọn ní ilé ìwé, àwọn á gbà. Iye bẹ́ẹ̀dì la máa kọ sí fọ́ọ̀mù dípò wíwọn ilẹ̀. Akọ̀wé wa máa jẹ́ obìnrin tó ń gbin ewédú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la sì máa ní kí wọ́n wá. Ohun àkọ́kọ́ tí a máa gbé síwájú wọn ni gbòǹgbò ṣọkọ yìí, lẹ́yìn náà omi odò.

Mo fẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Báwo ni ká ṣe bù ú?

Olóko_Kétu | 6:10 àárọ̀

Ẹ máa rìn wọ́gọwọ̀gọ yí oko ká, ẹ má bù ú ní ojú kan. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú ìka, bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú garawa ike tó mọ́, kì í ṣe garawa irin. Ẹ má bù níbi tí wọ́n ti sun pàǹtí tàbí tí wọ́n kó ìgbẹ́ adìẹ jọ sí. Ẹ sá a gbẹ, ẹ bu ìwọ̀n kílò kan sínú ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ oko sí i lára.

Àdùkẹ́_Alábàtà | 6:38 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ fún àyẹ̀wò ajílẹ̀ inú ilẹ̀ nìyẹn, abẹ́ òjìji ni kí wọ́n sì sá a sí. Fún aràn, wọn ò gbọdọ̀ sá a rárá. Tó bá gbẹ, aràn á kú sínú rẹ̀, wọ́n á sì sọ fún yín pé ilẹ̀ yín mọ́. Màámi, ọ̀rá méjì ni kí ẹ ṣe. Èkejì yẹn, ìdí ṣọkọ tó ń ṣàìsàn gan-an ni kí ẹ ti bù ú, pẹ̀lú gbòǹgbò tó wú nínú rẹ̀. Ẹ so ọ̀rá náà pa kó máa tutù, ẹ fi í sábẹ́ òjìji, ẹ má jẹ́ kí oòrùn kàn án. Kí ẹ bù ú ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ ló dára jù.

Ìyá_Ṣọkọ_Ìbà | 6:52 àárọ̀

Ọ̀rá méjì, ó ti yé mi. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Màá bù ú ní ìdájí ọjọ́ náà kí àwọn aláte tó dé.